Ajá Ọdẹ́jàyí àti Ẹrù Àwẹ̀ró

"Bí a bá bi alájá tán, ká bi ajá náà." Gbogbo wa là ń pa òwe yìí, àní ẹni tí kò sin ajá rí ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ló mọ ajá tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́kọ́ pa òwe náà?

Ajá Ọdẹ́jàyí ni, ògbójú ọdẹ Àgọ́-Ìrókò. Máawòó ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ́jàyí a máa fọ́nnu pé kò sí ẹran tó bọ́ mọ́ Máawòó lẹ́nu rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ajá náà dùbúlẹ̀, kò jẹ, kò mu, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọdẹ́jàyí ní Àwẹ̀ró ìyàwó òun, tó ń fún un lóúnjẹ, ló fún un ní májèlé. Ó ti kó ẹrù obìnrin náà síta pé kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀, kí àwọn ará ilé tó ránṣẹ́ pe Bàbá Láṣebìkan tó ń wo ẹran sàn.

Ẹ wò ó, bàbá yìí mọṣẹ́! Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ ju ti àna lọ. Ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn? Ṣé ó bì? Ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé nǹkan kan ṣe é lóko? Ọdẹ́jàyí ní nǹkan kan ò ṣe é.

"Bàbá, májèlé ni mo wí. Kí ni ẹ tún ń béèrè?"

"Mo ti gbọ́ tìrẹ, ọmọ mi. Ó ku ti ajá."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá jókòó sílẹ̀, ó kọ́kọ́ ń wo bí ajá ṣe ń mí, kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó ṣí ètè rẹ̀ wo èrìgì, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó rọra tẹ ikùn rẹ̀. Ajá kò ké. Ó wá ń fi ìka ka egungun ìhà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìkẹta láti ẹ̀yìn, Máawòó ké tòò.

"Kì í ṣe májèlé. Egungun ló kán. Ẹsẹ̀ ta ló bà á níbí?"

Bàbá ní kí Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn, ajá ju ìrù. Ó ní kí Ọdẹ́jàyí náà sún mọ́ ọn. Ajá kó ìrù sáàárín itan, ó ń rá wọ abẹ́ àpótí.

Ojú ti ògbójú ọdẹ. "Ẹtu kan ló bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu lánàá. Inú bí mi, mo ta á nípàá. Mo ti fi ajá yìí fọ́nnu jù, Bàbá, mi ò lè sọ ọ́."

Bàbá fi aṣọ di ìhà ajá. Ó wá kọjú sí Àwẹ̀ró, tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi ní ìbéèrè kan ṣoṣo láti àárọ̀. "Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ mi? Kí lo rí?"

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ọdẹ́jàyí fúnra rẹ̀ ló ru ẹrù rẹ̀ padà wọlé.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹjọ́ bá délẹ̀, tí ẹni tó lẹ́nu ti rò tirẹ̀ tán, tí gbogbo ilé sì fẹ́ dájọ́ lórí ìyẹn nìkan, àwọn àgbà a wo ẹni tó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀, wọn a ní: bí a bá bi alájá tán, ká bi ajá náà.