Ìyá Dà? Ìyá Rèé!

Kàsálì tí ń lẹ táyà ní ìkóríta ló kọ́kọ́ ta Wúlèmótù, opó tí ń ta ẹja yíyan, lólobó: "Ìyá ẹlẹ́ja, irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín. Ìyá Mọ́yọ̀ ò rìnrìn àjò kankan. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ló ń sá sí bí ẹ bá ti yọ."

Wúlèmótù ò jà. Owó ọjà rẹ̀ ló há sọ́wọ́ obìnrin náà, ìjà ò sì lè dá a padà. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dé ilé obìnrin náà, ẹnu ọ̀nà ni yóò jókòó sí. Yóò gbé Mọ́yọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn lé itan, yóò fi ìborùn bojú: "Ìyá dà?" Yóò ṣí i: "Ìyá rèé!"

Ọmọ kọ́kọ́ ń wò ó bí ẹni ń wo wèrè. Nígbà tó yá, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń fa ìborùn náà.

Kàsálì ń fi í ṣẹ̀sín: "Ṣé jòjòló yìí ni yóò bá yín gbowó?"

"Panu mọ́, jàre. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Wúlèmótù tún bèèrè: "Ìyá dà?" Ọmọ ò wo ìborùn mọ́. Ó rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ wọlé, ó di kọ́tìnì mú, ó fà á.

"Ìyá yèé!"

Ìyá Mọ́yọ̀ rèé lóòótọ́, ó lóṣòó sẹ́yìn kọ́tìnì. "Yéè! Ọmọ yìí ti tà mí!"

"Káàbọ̀ o, Ìyá Mọ́yọ̀. Ṣé àjò dùn?"

Ẹ̀rín pa ìyá ọmọ. Ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó ka owó ẹja lé Wúlèmótù lọ́wọ́, kò sì ku kọ́bọ̀.