Koríko Ojúlé Wọlé-Wọlé

Àwọn àgbà máa ń wí pé, "Ẹní là ń tẹ́, gbígbìn là ń gbin koríko." Ẹ̀yin tí ẹ ń pa á lówe, ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ìlú Ìgbájọ ló ti wá, ọ̀rọ̀ àhesọ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì.

"Wọ́n ní ìyá yẹn ló... Hẹn, ìyá tó bí i gan-an. Wọ́n ló kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, ó sì ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ sí koríko náà... Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti... Ẹ má dárúkọ mi o."

Ẹnu ẹ̀rọ omi ni Wúràọlá ti gbọ́ ọ. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Àrìnpé, ni wọ́n ń bà lórúkọ jẹ́. Wọn kò pè é ní àjẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dorí kọ. Ó gbé omi rẹ̀ rù, ó kọrí sílé.

Ọkọ rẹ̀, Adégoróyè, ṣe wọlé-wọlé fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Láyé ìgbà náà, bí koríko bá hù lójúlé rẹ, kóòtù ni. Àfi bí ó ṣe fẹ̀yìn tì, tó kọ́lé sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tó wá ní koríko gan-an ni òun fẹ́ níwájú ilé, irú èyí tó tẹ́ rẹrẹ níwájú ilé àwọn òyìnbó ìjọba.

Fáníyì ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé, "Wọlé-wọlé, ta ni yóò wá mú ọ lọ sí kóòtù báyìí, àbí ìwọ fúnra rẹ?"

Ìyá Àrìnpé kò tako koríko. Ó kàn ní kí wọ́n dúró de òjò, kí wọ́n fi ọkọ́ tú ilẹ̀, kí wọ́n fọ́n irúgbìn.

"Ìyá, ìṣílé ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé irúgbìn ni kí n fi han àlejò?"

"Àlejò á lọ. Ìwọ lo máa gbé ibẹ̀."

Adégoróyè rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ ẹrù kan já koríko tí wọ́n gé tòun terùpẹ̀ sílẹ̀, ní kíká bí ẹní.

Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ sí kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ìyá Àrìnpé ti gbá a láràárọ̀ fún ogójì ọdún. Àwọn ìyàwó ilé tó ṣáájú rẹ̀ ti gbá a títí tó fi le bí àwo, tí ojú ìgbálẹ̀ ń hàn lára rẹ̀ bí ìlà aṣọ òfì. Wúràọlá náà gbá níbẹ̀ nígbà tó wà ní ìyàwó tuntun. Títí di òní, bí òórùn erùpẹ̀ tí a wọ́n omi sí bá kan án nímú, orin tí ìyá ọkọ rẹ̀ máa ń kọ lábẹ́lẹ̀ ní ìdájí ló ń gbọ́. Nítorí pé ilẹ̀ náà mọ́, Adégoróyè rò pé ó ti yá. Ó ní kí wọ́n tún un gbá lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì tẹ́ koríko lé e.

Lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n tẹ́ ẹ, ìyá wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ká etí koríko náà sókè. Gbòǹgbò kan kò di ilẹ̀ mú. Ó dá a padà pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń daṣọ bo ọmọ, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí Wúràọlá létí, nítorí kò fẹ́ kí àwọn akunlé tó wà lórí àkàbà gbọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Wúràọlá ti ń pọnmi sí koríko, láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ọyẹ́ kò gbà. Lọ́jọ́ ìṣílé, koríko ti pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Ó ká mọ́ olóyè kan lẹ́sẹ̀ lójú gbogbo èrò. Àwọn akunlé wá rántí ìyá tó bẹ̀rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Adégoróyè kò ní òun gbà á gbọ́. Ó kàn dẹ́kun àtimáa lọ kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú ni. Ìyá náà kò wá mọ́. Àga tó máa ń jókòó lé lẹ́yìnkùlé wọn ṣófo.

Wúràọlá ti panu mọ́, nítorí kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé òun ń dá ọkọ òun lẹ́bi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ti ẹnu ẹ̀rọ omi dé yìí, ó sọ omi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Mopé, èmi ni mo dúró ti ìyá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n wí."

Nígbà tó sọ ọ́ tán, Adégoróyè jáde, ó ká koríko gbígbẹ náà sókè. Ojú ìgbálẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ìlà lórí ìlà, bó ṣe máa ń rí i nígbà tó wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn náà ló gba ilé ìyá rẹ̀ lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n wá bá òun fọ́n irúgbìn.

Ìyá tú etí ìró rẹ̀. Irúgbìn koríko gbági ló dì síbẹ̀. "Ọ̀nà oko ni mo ti gbọ̀n ọ́n. Gbogbo ayé ló ń tẹ̀ ẹ́, kì í kú."

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, wọ́n tú ilẹ̀, wọ́n fọ́n ọn. Ó ń bẹ níbẹ̀ dòní.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń kánjú gbé ohun tó ti gbó níbòmíràn wá sílé, tí kò fẹ́ tú ilẹ̀ tirẹ̀, tí kò fẹ́ ní sùúrù kí nǹkan fìdí múlẹ̀, òwe yìí ni àwọn àgbà máa ń pa fún un. Ṣùgbọ́n òwe ti gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. Wúràọlá ti di ìyá àgbà báyìí, orí koríko náà ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń ṣeré. Bí ẹnikẹ́ni bá tún dá àhesọ àtijọ́ náà sílẹ̀ lójú rẹ̀, yóò ní, "Èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ìyá ní, 'Ìyàwó mi, ẹní là ń tẹ́. Gbígbìn là ń gbin koríko. Bá mi máa bu omi sí i, kí ojú má ti ọmọ mi.'"