Kòtò Yanrìn Ìyá Akàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, àlọ́ o!

— Àlọ̀ ọ̀!

Omi ìwẹ̀ gbogbo ẹranko ń ṣàn lọ sódò, inú sì ń run àwọn ọmọ Akàn tó ń mu ún nísàlẹ̀ odò. Ìyá wọn gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà omi náà. Ó kó òkúta sí i, ó da èédú lé e, ó fi yanrìn bò ó. Omi tó jáde mọ́ gaara.

Ni Ẹlẹ́dẹ̀ bá dé. “Ibùsùn tútù rèé!” Ó yí gbirigbiri, ó tú yanrìn ká. Akàn tún un ṣe, Ẹlẹ́dẹ̀ tún padà wá. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹlẹ́dẹ̀, dìde o!
— Yanrìn mi o!
Ọmọ mi ń mu omi ibẹ̀!
— Yanrìn mi o!

Lẹ́ẹ̀kẹta, Akàn bu omi dúdú tó ń jáde níbẹ̀ fún un.

“Bàbá, ẹ mu ún.”

“Èmi? Ẹ̀gbin yìí?”

“Òun làwọn ọmọ mi ń mu.”

Ẹlẹ́dẹ̀ dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú ara rẹ̀ ti yanrìn padà sínú kòtò.

Ẹ̀yin ọmọ, Ọlọ́run tó dá wa ló dá ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò.