Sítóófù Nínú Pálọ̀ Àlejò

"A kì í gbé sítóófù wọ pálọ̀ bá àlejò, àwo oúnjẹ là ń gbé wọlé." Ẹ ti gbọ́ ọ rí? Bí ẹ bá ti bá àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn jókòó láìpẹ́ yìí, ẹ ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ẹ ó sì ti rò pé ọ̀rọ̀ àlejò ṣíṣe lásán ni. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ orírun rẹ̀? Ẹ má sì torí sítóófù sọ pé kì í ṣe òwe o. Òwe ò tíì yàgàn. Ó ṣì ń bímọ.

Tinúadé ló bí èyí. Ọmọbìnrin náà mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú, àṣejù nìkan ló ń dà á láàmú. Bí ẹ bá ní kó bu omi fún yín mu, kànga ni yóò fẹ́ gbẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ ní kí ó ṣe ojú ìwé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí oníbàárà yóò ti máa tẹ àwọ̀ òwú tó wù ú, tí yóò sì rí bí aṣọ òkè rẹ̀ yóò ṣe rí kí ahunṣọ tó jókòó sídìí òfì. Inú Tinúadé dùn dé góńgó. Ó fi iṣẹ́ tó ń ṣe ní Ìbàdàn sílẹ̀, ó padà wálé.

Ó wá kó gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ rọ sínú ojú ìwé yìí: bí a ṣe ń to àwọ̀, bí a ṣe ń ya ọnà, bí a ṣe ń wọn aṣọ. Fóònù oníbàárà ni yóò máa dá ṣe gbogbo rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà Tinúadé, ó ń sáré bí ẹṣin.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Bàbá Gbádébọ̀, olórí ẹgbẹ́, àti Ìyá Sáfúrá, igbákejì rẹ̀, mú fóònù tiwọn wá sílé Tinúadé.

"Bó bá ṣí lórí fóònù tiwa, tìrẹ ni iṣẹ́," Bàbá Gbádébọ̀ wí. "Bí kò bá ṣí, a ó wá ẹlòmíì lọ."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nǹkan róbótó kan ń yí lójú fóònù, ó ń yí ṣáá. Aṣọ kò jáde.

"Tinúadé," Ìyá Sáfúrá wí, "fóònù mi ti gbóná débi pé mo lè fi lọ aṣọ."

Tinúadé fò dìde. "Ẹ má bínú mà. Ẹ jẹ́ kí n wá nǹkan tí ẹ máa fi panu."

Ẹ̀wà lílọ̀ wà nílẹ̀. Ẹlòmíì ì bá din àkàrà nílé ìdáná, kó gbé e wá nínú àwo. Tinúadé kọ̀, ó ní àkàrà àlejò òun gbọ́dọ̀ gbóná fẹlifẹli. Ó gbé sítóófù, ó gbé agbada, ó gbé òróró àti ata, ó kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ láàárín pálọ̀, ó sì ṣáná. Kò pẹ́ tí èéfín fi bo gbogbo ilé. Bàbá Gbádébọ̀ sín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ìyá Sáfúrá sáré yọrí síta lójú fèrèsé.

"Ìwọ ọmọ yìí!" Ó ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àkàrà la fẹ́ jẹ! Ta ló ní kó o kó ilé ìdáná wá bá wa?"

Tinúadé dúró, ó wo sítóófù, ó wo fóònù gbígbóná ọwọ́ Ìyá Sáfúrá. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, nítorí ohun tó ṣe sí àlejò gan-an ló ti ṣe sí fóònù wọn.

Ó gbé sítóófù padà, ó din àkàrà, ó gbé e wá nínú àwo. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, ó jókòó ti iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé ojú ìwé náà fún aráyé ti mọ aṣọ yà tẹ́lẹ̀, torí òun ni Tinúadé ti kọ́ láti máa ya àwòrán tí yóò máa tẹ̀ sórí bébà fún àwọn ahunṣọ. Nítorí náà, ó kó gbogbo ẹrù yẹn kúrò lọ́rùn fóònù. Gbólóhùn kúkúrú ló fi sára bọ́tìnnì àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú ìwé náà: ẹni tí yóò ránṣẹ́ sí, àti ibi tí yóò gbé èsì sí lójú fóònù. Fóònù yóò béèrè. Kọ̀ǹpútà ńlá yóò ya aṣọ, yóò sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́.

Nígbà tí ìrun àsárì fi máa tó, ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ìyá Sáfúrá tẹ pupa. Kí ó tó mí, àlàárì ti jáde. Ó tẹ àwọ̀ aró.

"Yéè! Bàbá, ẹ wá wo ẹtù!"

Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń jó, ó ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá Gbádébọ̀ náà tẹ tirẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó dìde tó bá a jó.

"Tìrẹ ni iṣẹ́!" ó wí, ó ń mí hẹlẹ. "Kí lo wá ṣe sí i?"

"Mo kàn gbé sítóófù kúrò ní pálọ̀ ni, sà," Tinúadé dáhùn, òróró ṣì wà nímú rẹ̀. "A kì í gbé e wọ pálọ̀ bá àlejò, àwo oúnjẹ là ń gbé wọlé."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á fún ẹni tó bá fẹ́ di làálàá iṣẹ́ rẹ̀ ru ẹni tó kàn wá gba iṣẹ́ tó ti parí. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé: iṣẹ́ rẹ ni, sè é nílé ìdáná rẹ. Èyí tó jinná ni kó o gbé fún mi. Ìyá Sáfúrá nìkan ni kì í pa á lówe. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà Tinúadé, yóò kọ́kọ́ na ọrùn wo pálọ̀ kó tó wọlé.