Alágbẹ̀dẹ Ìdí-Ahùn àti Gàárì Tí Kò Rà

Ògúngbèmí, alágbẹ̀dẹ Ìdí-Ahùn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń lu irin, etí rẹ̀ ti le, ohùn rẹ̀ sì ti ga láti lè borí ariwo iṣẹ́. Bó bá ní kí ìyàwó òun bu omi wá, àwọn ará ojúlé kẹta á ti gbé igbá. Èèyàn dáadáa ni o. Kò jalè, kò ṣèké, kò sì rọ ọkọ́ tí kò dára fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní ìjánu.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ikán wọ inú àgbẹ̀dẹ, wọ́n sì jẹ ẹwìrì rẹ̀ láti ìdí dé orí. Ẹwìrì ni alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ iná. Bí kò bá sí i, irin kò ní pọ́n, irin tí kò bá sì pọ́n, òkúta lásán ni. Agbẹ́gi tó máa ń gbẹ́ ẹ fún un ti kú. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ́ gbogbo abúlé ti gbó dé ọrùn, àwọn àgbẹ̀ ń kó wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí oṣù tó lé yìí bá fi lè wọ̀ láìsí ọkọ́ tuntun, kò sẹ́ni tí yóò gbin àgbàdo ní Ìdí-Ahùn lọ́dún náà.

Nígbà náà, ilé òwò ńlá kan wà ní ìlú Ìdóṣù, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí Ìdí-Ahùn. Ọjà Àìfojúrí ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹni tó ń rajà níbẹ̀ kì í rí ọjà, kì í sì í rí ọlọ́jà. Aṣojú wọn ni yóò gbé okùn gígùn kan wá sí abúlé. Gbogbo ohun tí wọ́n ń tà, àwòrán rẹ̀ kékeré tí wọ́n fi igi gbẹ́ wà lára okùn náà. Wàá fọwọ́ kan èyí tó wù ọ́, wàá sanwó, wàá fún un ní àrokò tí wọn yóò fi mọ̀ pé ìwọ ni, wàá sì padà sílé lọ máa retí. Ká má parọ́ mọ́ wọn, lọ́pọ̀ ìgbà, ọjà ń dé bó ṣe yẹ.

Ògúngbèmí fọwọ́ kan ẹwìrì, ó sì fi irin pẹlẹbẹ kan tó ní ihò ṣe àrokò. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, alárù kan sọ ẹrù kalẹ̀, ó gba omi mu, ó bá tirẹ̀ lọ. Tọmọdé tàgbà pé bo ẹrù náà. Wọ́n tú u. Gàárì ẹṣin ni.

"Ògúngbèmí," ni Ṣówándé ẹlẹ́mu wí, "ẹṣin ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn," ni ẹnì kan dáhùn. "Iná ni yóò gùn. Bó bá ti ta á ní gìgísẹ̀, á máa jó lala."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, olúkúlùkù wo òkìtì ọkọ́ gbígbó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ògúngbèmí gbé gàárì rù. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, di ẹ̀kọ àti àkàrà fún un.

"Bàbá Ìgè, ẹ dákun, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má kígbe."

"Ta ló ń kígbe?" ni Ògúngbèmí kígbe.

Ó rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó bá ilé òwò náà, ó gùn bí ìlú kékeré kan. Obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà àkọ́kọ́. Ògúngbèmí kò tíì sọ ohun tó bá wá tí obìnrin náà fi ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ọ̀rọ̀ yín ká wa lára púpọ̀. Ẹ jókòó díẹ̀."

Ó jókòó. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò níṣẹ́ méjì ju pé kó máa fun fèrè fún àwọn tó ń dúró. Orin kan ṣoṣo ló mọ̀, kò sì mọ ìparí rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, Ògúngbèmí ti mọ orin náà ju ẹni tó ń fun ún lọ.

Wọ́n wá ní kó wọlé. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kejì bi í pé, "Ẹrù yín dé ni, àbí kò dé?"

"Ó dé, ṣùgbọ́n..."

"Bó bá ti dé, ọwọ́ ọ̀tún."

Ó lọ sọ́wọ́ ọ̀tún. "Ẹ̀yin lẹ ra gàárì?" ni ti ibẹ̀ bi í.

"Rárá o! Ẹwìrì ni mo rà."

"A jẹ́ pé ẹrù yín kò tíì dé nìyẹn. Ọwọ́ òsì."

Ti ọwọ́ òsì wo ohun tó rù sórí, ó mi orí. "Ẹrù mà dé sí yín, bàbá. Ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ yín ká wa lára o."

Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ títí ajá tó dùbúlẹ̀ sáàárín ọ̀nà kò fi gbórí sókè mọ́ bó bá ń kọjá. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó mú un dé ọ̀dọ̀ Ọdẹ́jìnmí, ọkùnrin tó ń gbọ́ ẹ̀sùn tó bá ti le ju ẹnu àwọn yòókù lọ. Ọdẹ ni Ọdẹ́jìnmí tẹ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó rọ. Kò sì tíì bọ́ ọrun àti apó ọfà kúrò léjìká, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ẹlẹ́sùn ti yọ kùmọ̀ sí i lórí àpótí ìjókòó rẹ̀.

Ògúngbèmí kò kí i. Ó sọ gàárì sílẹ̀ gbì.

"Ẹ̀yin olè! Ẹ̀yin gbájúẹ̀! Ìwọ olójú ẹja gbígbẹ yìí, níbo lẹ gbé ẹwìrì mi sí?"

"Bàbá, ẹ rọra sọ ọ́."

"N ò ní rọra! Ṣé bí bàbá rẹ ṣe ń jalè ló ṣe kọ́ ọ nìyí?"

Kó tó pa ẹnu dé, ọwọ́ Ọdẹ́jìnmí ti wọ inú apó, ọfà ti wà lójú ọrun.

"Ẹ bú bàbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ògúngbèmí fẹ̀yìn rìn. Gàárì kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ ní ìjókòó lé e lórí bí ẹni tó ń gẹṣin. Ọdẹ́jìnmí kò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó kàn!" ló wí.

Alágbẹ̀dẹ lọ jókòó sábẹ́ igi ìyeyè níwájú ilé náà. Òjò ṣú dùdù lápá Ìdí-Ahùn. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Kò tilẹ̀ ráyè bú ẹnikẹ́ni mọ́, ó kàn ń gbọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nínú ilé. Obìnrin tí ìkòkò rẹ̀ fọ́ wọlé, ó ṣépè. Ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ kúrú wọlé, ó bú ìyá onílé. Ọfà ń jáde, ọfà ń padà sínú apó. Nígbà tó yá, Ọdẹ́jìnmí alára tiro jáde, ó fara ti ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí, ó sì di ojú. Ògúngbèmí mọ ìdúró yẹn dáadáa. Bí òun náà ṣe máa ń dúró nìyẹn bó bá lu irin láti àárọ̀ dalẹ́.

Nígbà tí ọkùnrin náà padà sórí àpótí rẹ̀, Ògúngbèmí tọ̀ ọ́ lọ. Bó ti fẹ́ wọlé, ó rántí pé a kì í bá èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ ká má kí i. Ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n kò rí ìkíni kankan níbẹ̀.

"Ẹ tún ti dé?" ni Ọdẹ́jìnmí wí, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sápá ibi apó.

"Mo ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń kí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín yìí?" Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ débi pé ó ya òun alára lẹ́nu.

"Kí lẹ wí?"

"Bí ẹ bá bá aláró, ẹ ó ní, 'Àrẹ̀dú o.' Onídìrí, 'Ojú gbooro o.' Èmi tí mo jẹ́ alágbẹ̀dẹ, 'Àrọ̀yè o' ni wọ́n ń kí mi. Mò ń wá ti ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn, mi ò rí i. Mo sì já wọlé tì yín láàárọ̀ láìkí yín. Kò dáa."



"Kò sí," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Ọdún kẹsàn-án mi nìyí lórí àpótí yìí. Wọ́n ti pè mí lólè, wọ́n ti pè mí lólójú ẹja gbígbẹ. Kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́ rí."

"Ti ẹja gbígbẹ yẹn, ọwọ́ mi ló ti wá. Ẹ má bínú. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ ká dá ọ̀kan sílẹ̀." Ògúngbèmí tẹrí ba. "Etí á gbà á o!"

Ọdẹ́jìnmí wò ó. Ikùn rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà èjìká, kó tó di pé ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Kí ni n ó wá fi dáhùn?"

"Ẹ̀yin lẹ niṣẹ́."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ á níbi tó máa parí sí o!"

Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ síbi apó mọ́. Àpò tó gbé kọ́ èjìká kejì ló ti ọwọ́ bọ̀, ó sì yọ obì àbàtà olójú mẹ́rin jáde. Ó pa á, ó fún Ògúngbèmí, òun náà jẹ. "Ó yá, bàbá. Ẹ rò ó fún mi bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ rí."

Ògúngbèmí rò ó. Kò tíì dé ìdajì tí Ọdẹ́jìnmí fi lu itan.

"Ẹwìrì! Ó ti wà ní yàrá ẹ̀yìn láti ìjẹta, a ò mọ ẹni tó ni ín. Balógun ìlú kejì ló dá a padà. Ó ní òun ra gàárì, wọ́n gbé ẹwìrì wá fún òun, ṣé kí òun gùn ún lọ sójú ogun ni? Àwọn alárù ló gbé ẹrù ara wọn nígbà tí wọ́n sinmi létídò."

Ó dìde, ó tiro ṣáájú, kò sì yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Nígbà tí wọ́n gbé ẹwìrì dé ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ọ̀rọ̀ yín ká wa..."

"Ó ti tán," ni Ọdẹ́jìnmí dá a lóhùn. Ó fún Ògúngbèmí ní alárù tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Kí oṣù tó wọ̀, ọkọ́ tuntun ti wà lọ́wọ́ gbogbo àgbẹ̀ Ìdí-Ahùn, àgbàdo sì ti wọlẹ̀. Ṣówándé ẹlẹ́mu wá kí alágbẹ̀dẹ lẹ́nu iṣẹ́.

"Wọ́n ní o ko ilé òwò ńlá yẹn lójú. Ṣé wọ́n bẹ̀rù rẹ ni?"

"Ẹ̀rù kẹ̀?" ni Ògúngbèmí dáhùn. "Ẹnu kan ṣoṣo yìí ni mo gbé lọ. Láàárọ̀, ó mú kí wọ́n yọ ọfà sí mi. Lọ́sàn-án, ó mú kí wọ́n yọ obì fún mi. Ọwọ́ ọkùnrin kan náà ló sì yọ méjèèjì."

Ṣówándé gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ẹmu, àwọn tó mu ẹmu gbé e délé. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí i pa lówe pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.