Ògbufọ̀ Tó Gbé Iṣẹ́ Mì

Obìnrin tó mú bí abẹ ni Ẹfúnyẹmí ará Abẹ́òkúta. Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta tí òkun gbé Ṣówándé ọkọ rẹ̀ lọ ní ilẹ̀ àwọn Wólófù, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí erékùṣù tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Wólófù rárá, nítorí náà ó wá ògbufọ̀ ní èbúté. Ó lé ẹni àkọ́kọ́ torí pé ó ń sọ̀rọ̀ òkú. Ó lé ẹnìkejì náà. Ẹnìkẹta ni Sáńbà, ọlọ́yàyà ọkùnrin tó ti bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀.

"Mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bani," ni Ẹfúnyẹmí sọ fún un. "Ohun tí mo wá wò ni kí o mú mi lọ wò."

"Mo ti gbọ́, ìyá."

Ẹnikẹ́ni kì í lọ sí erékùṣù náà láìkọ́kọ́ kí Kúḿbà, arúgbó tó ń tọ́jú ọ̀nà omi. Lọ́dọ̀ àwọn Wólófù, àgbà tó níyì kì í gbóhùn sókè. Yóò rọra sọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn létí, onítọ̀hún ni yóò sọ ọ́ síta. Kúḿbà wo àlejò náà títí, ó wá fẹnu kan etí Sáńbà.

"Sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ṣì wà nínú omi. Yóò pè é. Kó má ṣe dáhùn."

Ara bu Sáńbà máṣọ. Ó wo ojú Ẹfúnyẹmí, ó rántí àwọn méjì tó ti lé, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ní ẹ káàbọ̀. Ó ní ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire."

Kúḿbà rí i tí inú àlejò náà dùn. "Ṣé o jíṣẹ́ mi bí mo ṣe rán ọ?"

"Mo jẹ́ ẹ," ni Sáńbà purọ́.

Ọ̀sán gangan ni, omi sì dákẹ́ rọ́rọ́, nígbà tí Sáńbà wa ọkọ̀ dé agbedeméjì òkun. Kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí.

"Àwẹ̀ró."

Oríkì Ẹfúnyẹmí ni, Ṣówándé nìkan ló sì ń fi í pè é. Abẹ́ ọkọ̀ ni ohùn náà ti wá, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń peni láti yàrá. Sáńbà lanu láti kígbe, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti dáhùn.

"Mo ń bọ̀."

Ó dìde, ó tún ìró ró dáadáa, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun. Ó ṣeni láàánú. Omi ò tilẹ̀ ta.

Sáńbà nìkan ló padà dé ọ̀dọ̀ Kúḿbà. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Yóò pè ọ́. Má ṣe dáhùn." Kúḿbà mọ̀ pé iṣẹ́ òun tí kò jẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Sáńbà ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ mọ́. Bí arìnrìn-àjò bá wá ògbufọ̀ dé èbúté, Sáńbà yóò fẹnu kàn án létí, yóò sọ gbólóhùn náà ní èdè onítọ̀hún. Àwọn ará wa tó dé ibẹ̀ gbọ́ ọ ní Yorùbá tí kò kọ́ rí, wọ́n sì gbé ìròyìn rẹ̀ wálé. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.