Orin Ìyá Ẹlẹ́gbo

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, mo kí yín o. Mo kí àgbà, mo kí ọmọdé, mo kí abiyamọ tí ọmọ ń fa ọmú rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Òkè-Mẹ́rin, ìlú tí òkè mẹ́rin rọ̀gbà yí ká, tó fi jẹ́ pé oòrùn máa ń pẹ́ kó tó rójú ọ̀nà wọ̀ ọ́. Mo ti gbọ́ bí ẹ ṣe ń dá orin láti àárọ̀, tí kálukú ń kọ èyí tó wù ú jù, tó sì ń sọ ohun tí orin náà ń rán an létí, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, tí ẹ sì wá ní ó kan èmi. N ó kọ tèmi, ṣùgbọ́n ẹ má retí ẹ̀rín lẹ́nu mi, nítorí orin tí mo fẹ́ràn jù náà ni orin tó dójú tì mí jù, n kò sì lè kọ ọ́ fún yín láìsọ ibi tí mo ti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo sì kọrí sí Igbó Adágbé. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé kí ọdẹ kankan má wọ igbó náà ní ọjọ́ ìtàdógún, ọjọ́ kẹtàdínlógún tí àwọn ẹranko ń ṣe ìpàdé, ṣùgbọ́n ẹ mọ ọdẹ tí orúkọ rẹ̀ ti ń ró, etí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìkìlọ̀ mọ́. Mo rí ẹtu kan, mo tọ̀ ọ́, ó sáré, mo sá tẹ̀lé e, ó wọ ihò kan nídìí ìrókò, èmi náà tẹrí ba mo wọlé, ìgbà tí n ó sì fi yọ ní òdì kejì, àárín àwọn ẹranko ni mo bá ara mi, gbogbo wọn jókòó roboto bí ẹbí tó fẹ́ parí ìjà.

Òòrẹ̀ àgbà kan ló ń darí wọn. Ó ní, “Ọdẹ, kú ìrìn.”

Mo ní, “Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà igbó.”

“Gbé ìbọn rẹ ti igi, kí o wá ibi jókòó. Òfin wa kò ṣòro. Ẹni tó bá bá wa níbí yóò kọ orin tó fẹ́ràn jù, yóò sì sọ ọjọ́ tí orin náà wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá purọ́, ilẹ̀ yóò dì í mú.” Ó fi ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ kan tọ́ka sí àwọn igi tó wà lẹ́yìn ìjókòó. Mo wò wọ́n dáadáa, mo rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló dé fìlà ọdẹ.

Ìgbín ló kọ́kọ́ kọrin. Láti ìgbà tó la ẹnu títí tó fi pa á dé, òjìji igi ti kúrò ní ọ̀tún mi bọ́ sí òsì, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni orin rẹ̀: “Òjò, má dá.” Ó ní ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú ni òun pàdé aya òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹtu tí mo lé wá dìde, ó sì kọrin pé:

“Ọmọ mi, tẹ ibi tí mo tẹ̀,
Odò kò jìn, ó kàn tutù ni—”

Ó dákẹ́. Ó ní, “Ìyá mi ló ń kọ ọ́ fún mi tí a bá ń la odò Àpárá kọjá. Lọ́dún tó kọjá, ó kọ ọ́ débi tí mo kọ ọ́ dé yìí, ìbọn sì dún. Mi ò mọ ìyókù rẹ̀. Mo ti bi gbogbo igbó, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.”

Kò wò mí. Ì bá sàn kó wò mí. Mo mọ odò náà, mo sì mọ ẹni tó yìnbọn, nítorí ẹran ìyá rẹ̀ ni mo fi ṣe ọdún.

Bó ṣe kàn mí nìyẹn. Dípò kí n sọ òtítọ́, mo gbé àyà sókè, mo kọ orin akọni kan pé èmi ni mo pa erin, èmi ni mo pa ẹfọ̀n, mo ní ọjọ́ tí mo pa erin kìn-ín-ní ni orin náà wọ inú mi. Ẹ̀yin ará mi, n kò pa erin rí. Kí n tó pa ẹnu dé, gbòǹgbò ti yọ láti inú ilẹ̀, ó lọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó dé orúnkún. Mo figbe ta.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, “Má pariwo. Gbòǹgbò kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.”

Òòrẹ̀ wò mí tàánútàánú. “Ọdẹ, orin tí o fi ń dẹ́rù ba èèyàn nìyẹn. Èyí tó ń jí ọ lójú oorun ńkọ́?”

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Mo ti fi orin yìí pamọ́ fún ọdún mẹ́fà, àfi bó ṣe ti ẹnu mi jáde:

“Ègbo gbóná rè é o,
Ó rọ̀ ju òwú lọ.
Ìyá arúgbó tí ò léyín,
Gbé àwo rẹ bọ̀.
Ọdẹ́jìnmí ti yó
Kí n tó gbégbá jáde.”

Mo ní, “Àwẹ̀ró, ìyá mi, ló ni ín. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́, ègbo tí ìyá mi ń kiri ló fi tọ́ mi, òun náà ló fi ra ìbọn fún mi. Ojoojúmọ́ ni í bu tèmi sílẹ̀ kó tó gbé igbá rù. Nígbà tí mo di Ọ̀tún Ọdẹ, àwọn àgbà ọdẹ ti ìlú mìíràn wá kí mi, a jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán, mo wọ aṣọ ńlá. Ìyá mi ń kọjá lọ pẹ̀lú igbá, ó kọrin dé ibi orúkọ mi. Olórí àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Ọ̀tún, àbí ìwọ ni ẹlẹ́gbo yìí ń pè?’ Mo ní, ‘Èmi kẹ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọlọ́jà lásán ni.’”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ìyá mi gbọ́. Ó tún òṣùká orí rẹ̀ ṣe, ó sì ń lọ. Àwọn ọdẹ ìlú mi tí wọ́n mọ̀ ọ́n tẹjú mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti yọ orúkọ mi kúrò nínú orin, tó bá dé “gbé àwo rẹ bọ̀”, á dákẹ́, nígbà tó sì yá, ó gbé igbá kọ́ ara ògiri, kò kiri mọ́. Kò bá mi jà. Tí mo bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀, á kí mi, á bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí.

Bí mo ti jẹ́wọ́ gbogbo èyí fún àwọn ẹranko tán, gbòǹgbò náà tú. Ẹtu wá dúró níwájú mi, ó ní, “Ọdẹ, ẹni tó lè parí orin tèmi kò sí mọ́. Ẹni tó ni tìrẹ ṣì wà láyé. Kí lo ń bá wa jókòó ṣe?”

Òòrẹ̀ ní, “Ibi tí o ti sẹ́ ẹ ni kí o ti gbé igbá rẹ̀ rù. Bí ìtàdógún mìíràn bá pé tí o kò tíì ṣe é, gbòǹgbò yóò wá ọ délé.”

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo fi jókòó sílé. Ojú ń tì mí pé mo sẹ́ ìyá mi, ojú sì tún ń tì mí láti jẹ́wọ́. Èèpo igi bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní gìgísẹ̀ mi, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, mo fi ṣòkòtò bò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo se ègbo fúnra mi, mo yọ́ lọ já igbá ìyá mi lára ògiri, mo gbé e rù, èmi Ọ̀tún Ọdẹ, mo sì gba abẹ́ igi ọ̀dán níbi tí gbogbo ọdẹ jókòó sí, mo ń kọrin. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọdẹ dìde, wọ́n ń tẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n àwọn kò rẹ́rìn-ín.

Mo dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi, mo kọ ọ́ dé “gbé àwo rẹ bọ̀.” Ó jáde wá pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Eyín kankan kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ó ní, “Ọlọ́jà, ọmọ ta ni ọ́? Mi ò mọ̀ ọ́.”

Mo sọ igbá kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ bu ègbo, ó tọ́ ọ wò.

“Kò jinná,” ó ní. “Orin ẹ náà ò sì tíì parí. Ìyókù ẹ̀ ńkọ́?”

Mo la ẹnu, ẹkún ló jáde. N kò lè pe orúkọ ara mi. Ìyá mi bá gbójú sókè sí àwọn ọdẹ, ó kọ ìlà tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà: “Ọdẹ́jìnmí ti yó…” Ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

“Àbí o ò tíì jẹun láàárọ̀ yìí?”

N kò tíì jẹun. Ó bu ègbo tí kò jinná náà sí mi lẹ́nu, níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, lójú gbogbo ayé, ó sì wá kọ orin náà parí.

Ẹ wo gìgísẹ̀ mi ọ̀tún, èèpo igi kékeré yìí kò bọ́ dòní, bẹ́ẹ̀ ni n kò yìnbọn sí ẹtu mọ́. Ìyá mi dárí jì mí, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn ń bá ni sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin láti àárọ̀, bí ẹni tó kọ́ yín lórin bá ṣì wà láyé, ẹ pè é lórúkọ lójú ọjà, kí ìbọn tó dún láàárín orin. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ọ̀nà mi sì jìn. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, kí ilé yín má ṣe dákẹ́ orin o.